Ọkọ́, Ẹrù àti Ẹ̀yìn Àgbẹ̀

Ẹ̀yìn ríro tí àwọn oníṣègùn ń kà sí àìsàn lọ́tọ̀ ni èyí tó ń mú ènìyàn láti abẹ́ eegun ìhà tó kẹ́yìn títí dé ìsàlẹ̀ ìdí. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú nígbà tó bá fẹ́ nà ró lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ roko fún wákàtí mélòó kan. Ìrora náà lè mọ sí ẹ̀yìn nìkan, ó sì lè gba inú ìdí wọ itan, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ni wọ́n ń pè ní tuntun. Èyí tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta ti di bárakú, ìtọ́jú rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà.

Kò sí àìsàn kan lágbàáyé tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu ojúṣe rẹ̀ tó èyí. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń ro ní ọdún 2020, wọ́n sì fojú bù ú pé iye náà yóò di mílíọ̀nù 843 nígbà tó bá fi máa di 2050. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àìsàn àwọn tó ń jókòó nínú ọ́fíìsì ni, pé ara ará oko ti le ju kí ó ṣe é lọ. Ìwádìí kò gbè wọ́n. Nínú èyí tí F. O. Omokhodion tẹ̀ jáde ní 2002 nípa àwùjọ ìgbèríko kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 40 nínú 100 ló sọ pé ẹ̀yìn ti ro àwọn láàárín ọdún kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn sì lọ bá àgbẹ̀ nìkan, iye náà kọjá ìdajì.

Láti mọ ohun tí iṣẹ́ oko ń fi ojú ẹ̀yìn rí, ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀yìn ṣe rí. Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe igi kan gbọọrọ. Eegun 24 ló to léra wọn láti ọrùn dé ìbàdí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yí díẹ̀ lórí èkejì. Márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ló nípọn jù, nítorí pé orí wọn ni ìwúwo gbogbo ara òkè ń já sí. Láàárín eegun kan àti èkejì ni dísìkì wà, pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ le tó sì yi, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ rọ̀ tó sì kún fún omi. Dísìkì àgbàlagbà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà jẹun ni pé bí ìwúwo bá tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ á jáde, bí ìwúwo náà bá sì kúrò, yóò fa omi tuntun àti oúnjẹ wọlé láti ara eegun tó yí i ká, bí kànìnkànìn tí a fún tí a sì tún jù padà sínú omi. Ìdí nìyí tí ìṣípòpadà fi ṣe pàtàkì fún ẹ̀yìn ju ìsinmi lọ. Ẹni tó sùn gbalaja láti àárọ̀ dalẹ́ àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń febi pa dísìkì wọn.

Omi inú dísìkì yìí náà ló fa ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ènìyàn ga ní òwúrọ̀ ju alẹ́ lọ. Ohun tó ń dín kù lára gíga àgbàlagbà lójúmọ́ lé ní sẹ̀ǹtímítà kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló sì máa ń lọ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá dìde lórí ibùsùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ìdájí, dísìkì wú, ó kún, ó sì le, nítorí náà bíbẹ̀rẹ̀ ní àkókò yẹn ń fún un ní ìyà ju bíbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán lọ. Ní Amẹ́ríkà, Stover Snook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá ní àárọ̀ kùtùkùtù rí i pé ìrora àwọn dín kù. Àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí oòrùn. Kí oòrùn tó mú ni ó fẹ́ fi ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀, èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ sóko tó jìnnà díẹ̀, tó kọ́kọ́ fi àdá ṣán etí oko tàbí tó to igi ọwọ́n iṣu kí ó tó mú ọkọ́, ti ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ lóore láìmọ̀.

Lẹ́yìn àwọn eegun yìí ni ihò tí okùn ìmọ̀lára láti inú ọpọlọ gbà sọ̀ kalẹ̀ wà. Okùn náà kò dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó parí síbi eegun ìbàdí àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, láti ibẹ̀ sì ni àwọn iṣan ìmọ̀lára ti pín lọ sí ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀, ojú ara àti ihò ìdí. Bí dísìkì bá yọ orí, tó sì tẹ ọ̀kan nínú wọn, ìrora á máa ta lọ sí ẹsẹ̀ kan. Ní 1934 ni William Mixter àti Joseph Barr, oníṣègùn méjì ní Boston, ṣàlàyé èyí fún gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà àti aláìsàn ti ń di gbogbo ẹ̀bi ẹ̀yìn ríro ru dísìkì. Wọ́n ṣì í. Nínú aláìsàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni kò sí ẹni tó lè nàka sí ibi kan pàtó tí ìrora wọn ti wá: ó lè jẹ́ ẹran ara, ó lè jẹ́ okùn tó so eegun mọ́ra, ó lè jẹ́ oríkèé, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn pa pọ̀. Ìrora náà kì í ṣe irọ́, ẹ̀rọ tó lè rí i ni kò sí.

Iṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀yìn wò jù lóko iṣu ni ebè kíkọ. Ẹni tó ń kọ ebè máa ń ya ẹsẹ̀ méjèèjì, ọkọ́ rẹ̀ kúrú, ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ kò gùn ju apá lọ, nítorí náà àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ó ń gbá erùpẹ̀ jọ láti ọ̀tún, ó ń gbá a láti òsì, bẹ́ẹ̀ ló ń yí ìbàdí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ẹ̀kan tí ọkọ́ bá gbé erùpẹ̀, títí ebè náà yóò fi ga dé orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní nà ró kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Ó kàn máa ń fi ẹ̀yìn sún sí ẹ̀yìn ni. Igba igba ni wọ́n ń ka ebè. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tí òjò kò tíì rọ̀ dáadáa, agbára tí ọkọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà máa ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye ebè tí wọ́n dá fún un kò ní dín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀yìn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ báyìí jẹ́ ohun ìyanu. Ní 1955, W. F. Floyd àti P. H. S. Silver ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde nípa iṣẹ́ iṣan ẹ̀yìn. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ ni àwọn iṣan ńlá ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ láti dì í mú, ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn iṣan náà á dákẹ́. Wọ́n ti fi ẹrù sílẹ̀. Àwọn okùn tó so eegun mọ́ra àti dísìkì ló wá kù tó ń gbé e. Bí àwọn okùn wọ̀nyí bá wà ní fífà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á gùn sí i díẹ̀díẹ̀, wọn kì í sì í padà sípò lójú ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá nà ró. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn kò ní ìdúró tó dájú. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbẹ̀ sábà máa ń gbé ẹrù iṣu tàbí ìdì igi lójijì, tí yóò sì gbọ́ kín-ín nínú ìbàdí. Wọ́n á ní ẹrù ló ṣe é. Ẹrù náà pa kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí tó ti fi bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

Ẹrù gan-an ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ohun tó wọn 20 kílò bá wà ní iwájú ènìyàn, tó jìnnà sí ọ̀pá ẹ̀yìn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, iṣan tó ń fà á láti ẹ̀yìn kò jìnnà sí oríkèé ju nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Iṣan náà yóò fi agbára tó tó 160 kílò fà, kí a tó wá ka ìwúwo orí, apá àti àyà tó tẹ̀ síwájú. Bí a bá fa ẹrù kan náà mọ́ra débi tó fi kan ikùn, agbára yẹn lè dín sí ìdajì. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ fi 23 kílò ṣe òdiwọ̀n ẹrù tí ènìyàn ń gbé pẹ̀lú ọwọ́, ìyẹn náà sì jẹ́ ní ipò tó dára jù, tí ẹrù súnmọ́ra, tí ènìyàn kò sì yí ìbàdí. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìmọ̀ràn rẹ̀ ní 1967 ni pé kí ẹrù tí òṣìṣẹ́ ọkùnrin ń dá gbé má ṣe ju 55 kílò lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò. Àpò kókó tó kún lé ní 60.

Orí ni ọ̀pọ̀ ẹrù oko ń gbà délé. Lọ́nà kan, orí kò burú fún ìbàdí, torí ẹrù tó wà lórí òṣùká ń já lọ tààrà sí ọ̀pá ẹ̀yìn láìfà á síwájú. Ọrùn ló ń jìyà jù. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e rù àti ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ ni ewu wà. Ẹni tó dá gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ láti ilẹ̀ dé orí yóò bẹ̀rẹ̀, yóò yí ìbàdí, yóò sì na apá síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta nínú ohun tí ẹ̀yìn kórìíra jù. Àṣà àtijọ́ tó ní kí ẹni tó ń kọjá lọ dúró gbé ẹrù ru ẹlòmíràn ní ọgbọ́n ìlera nínú. Ó ń kú lọ báyìí, pàápàá níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú ńlá, tí ó jẹ́ arúgbó nìkan ló kù lóko. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn apakoríko sì ti dé, tó dín ìroko kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń gbé e kọ́, omi inú rẹ̀ nìkan sì máa ń tó 16 kílò.

Ọ̀rọ̀ ebè àti àpò kókó lè jẹ́ kí a gbàgbé àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tiwọn kì í sinmi láàárín ọdún. Ẹni tó ń yan gààrí sábà máa ń jókòó sórí àpótí kúkúrú, kì í kọjú sí iná nítorí ooru àti èéfín, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ sí i. Ìbàdí rẹ̀ wà ní yíyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kan ń fi igbá tẹ gààrí mọ́ agbada, ó ń rò ó, ó ń gbọ̀n ọ́n, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí ó tó débẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́. Kí ó tó bó ẹ̀gẹ́ ni ó ti pọn omi, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà sì jẹ́ 25 kílò. Bí ó bá ń pọn ọmọ, ìwúwo ọmọ náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ewu náà ga fún jù, torí okùn tó so eegun ìbàdí mọ́ra máa ń rọ̀ nígbà oyún, ikùn tó sì yẹ kó ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ kò tíì padà bọ̀ sípò. Ilé ìyangààrí tí wọ́n mọ ààrò rẹ̀ ga, tí èéfín rẹ̀ ń gba ibòmíràn jáde, tí obìnrin sì lè kọjú sí iná tààrà, jẹ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn ju oògùn ìpara kankan lọ.

Ohun mìíràn wà tí oníṣègùn kì í sábà kọ sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó iṣẹ́. Alágbàṣe kì í gba owó wákàtí. Iye ebè tó kọ tàbí ìwọ̀n ilẹ̀ tó ro ni wọ́n ń san fún un. Ẹni tó bá nà ró sinmi ń sinmi lórí owó ara rẹ̀, ẹni tó bá dúró de ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kó wá bá a gbé ẹrù ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀yìn tó ní kí olówó rẹ̀ dúró díẹ̀ kò ní agbẹjọ́rò kankan. Ìmọ̀ràn èyíkéyìí tí kò bá ka èyí sí, létí nìkan ni yóò mọ.

Ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí òfin dá sí i ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, nígbà kan rí, àwọn lébìrà oko, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Mẹ́síkò, máa ń fi ọkọ́ tí igi rẹ̀ kúrú gan-an ro oko ẹ̀fọ́ létíìsì àti oko ṣúgà bíìtì. Àwọn onílẹ̀ ní bí ojú òṣìṣẹ́ bá súnmọ́ ilẹ̀ ni kò ní fi gé ohun ọ̀gbìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdí mìíràn wà: alábòójútó tó dúró lókèèrè lè tètè mọ ẹni tó nà ró. César Chávez, aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko náà, ti lo ọkọ́ yìí ní ìgbà èwe rẹ̀, ẹ̀yìn sì dà á láàmú títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń ran tálákà lọ́wọ́ kó dókítà wá jẹ́rìí. Ní 1975, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá wọn láre, ìjọba sì fòfin de ọkọ́ kúkúrú lọ́dún náà. Oko létíìsì kò tìtorí ìyẹn parẹ́.

A kò lè gbé òfin California wá sí oko iṣu láìtún un rò. Ọkọ́ ẹlẹ́rùú gígùn dára fún ìroko láàárín ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, ó sì ti wà lọ́jà. Fún ebè, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀: ẹ̀rú gígùn kì í jẹ́ kí ènìyàn lè gbá erùpẹ̀ tó wúwo jọ bó ṣe fẹ́, àgbẹ̀ tó kọ̀ ọ́ kì í ṣe olóríkunkun. Ohun tó kù ni katakata tó ń ṣe poro, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré kò rí owó rẹ̀ san, tàbí kí wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ tó pọ̀ sí i, kí ẹni kan má ṣe kọ ebè ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ léra. Àáró tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe fún ara wọn wúlò níbí, bí wọ́n bá lò ó láti máa pààrọ̀ iṣẹ́: kí àwọn kan máa kọ ebè, kí àwọn kan máa gé èbù, kí wọ́n sì ṣe pààrọ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun wọ́n. Ọmọlanke kan lábúlé kan á dá ẹ̀yìn púpọ̀ sí.

Nígbà tí ìrora bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá máa ń dá lẹ́bi ni jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n á ní ṣúgà ló pọ̀ jù lẹ́nu ẹni náà. Jẹ̀díjẹ̀dí jẹ́ wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ihò ìdí. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, ó lè mú kí ìdí máa yún ni, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tó fi ń gun ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tó fi odidi ọdún mu agbo jẹ̀dí ń tọ́jú ilé aládùúgbò. Ọtí líle tí wọ́n rẹ egbò rẹ̀ sí sì wà lára ewu agbo ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà ní ìdí ọkọ̀. Ọtí náà ń pa ìrora, ẹni tó mu ún á padà sẹ́nu iṣẹ́ kan náà, yóò sì tún mu ún lọ́la. Àmọ́ kí a má fi èyí sọ gbogbo ìtọ́jú ilé nù. Aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tí wọ́n fi jó ẹ̀yìn, òrí tí wọ́n fi ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn wọ̀nyí ń tu ni lára, ìfọwọ́ra sì wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nínú ìlànà tó gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 lórí ẹ̀yìn ríro bárakú.

Ìlànà yẹn kan náà kọ àwọn ohun kan tí owó ń bá lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe máa fún aláìsàn ní bẹ́líìtì ìbàdí, kí wọ́n má sì fún un ní oògùn ìdílé tramadol. Àwọn lébìrà kan ti ń fi tramadol ṣe oúnjẹ àárọ̀ kí wọ́n lè gbé sìmẹ́ǹtì. Ó ń sọ wọ́n di ẹrú rẹ̀, kò sì tún ohunkóhun ṣe nínú ẹ̀yìn. Parasitamọ́ọ̀lù, tí gbogbo ènìyàn kà sí aláìléwu, kò já mọ́ nǹkan kan tó bá di ẹ̀yìn ríro tuntun: ìwádìí ńlá kan ní Ọsirélíà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, tó kó ènìyàn tó lé ní 1,600 jọ, fi hàn pé àwọn tó lò ó kò tètè gbádùn ju àwọn tó lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Ibuprofen àti diclofenac ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀. Aspirin jẹ́ ẹbí kan náà, òun ló sì wà nínú oògùn Alábùkún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Bí ènìyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìjẹun, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó burú jù ni oògùn tí oníkẹ́míìsì kó pọ̀ sínú ọ̀rá kan láìsí orúkọ lára wọn. Ó wọ́pọ̀ kí prednisolone tàbí dexamethasone wà nínú rẹ̀. Ara á yá gágá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ojú á wú, ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, eegun á sì máa rọ, títí kan eegun ẹ̀yìn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lo oògùn náà.

Àwòrán X-ray tàbí MRI náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò ní àmì ewu. Ìwádìí tí Waleed Brinjikji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 2015 fi hàn pé nínú àwọn ẹni 20 ọdún tí ẹ̀yìn kò ro rárá, 37 nínú 100 ni dísìkì wọn ti ń gbó nínú àwòrán. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó di 96. Àgbẹ̀ tó ta àpò gààrí méjì láti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, lè lọ sílé lọ jókòó tì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí kò ju ewú orí lọ.

Jíjókòó tì ni kò dára. Ní 1995, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa bá ìgbòkègbodò wọn lọ níwọ̀n bí ara bá ṣe gbà tètè gbádùn ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fífi oko sílẹ̀ pátápátá kò sì ní wo ẹ̀yìn àgbẹ̀ sàn. Iṣẹ́ tó le ni kí ó dín kù fún ìgbà díẹ̀, kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ ìdúró, kí ó máa dojú bolẹ̀ lórí ẹní kó sì fi ọwọ́ ti àyà sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹn bá ń dẹ̀ ẹ́ lára. Ẹ̀yìn ríro tuntun sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó sábà máa ń padà wá, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kì í sùn dáadáa, tó ń ro gbèsè àti owó ilé-ìwé ọmọ, ni ó sábà máa ń di bárakú fún.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn dunjú ni onífisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara. Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìmọ̀ náà fún oyè láti 1966, síbẹ̀ ìlú ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ìwé ìbéèrè Roland àti Morris di èdè Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2017. Ìwé náà ní gbólóhùn 24, wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983 láti mọ bí ẹ̀yìn ríro ṣe ń dí ènìyàn lọ́wọ́ tó. Ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ àti gígun àtẹ̀gùn ilé wà lára ohun tí ojúlówó rẹ̀ ń béèrè. Iṣẹ́ rere ni ìtumọ̀ náà, àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú àgbẹ̀ yóò ní láti fi ebè àti kẹ́ẹ̀gì omi kún un.

Àwọn ẹ̀yìn ríro kan kò sí nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pani. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro lóru ju ọ̀sán lọ, tó ń rù, tí ìtọ̀ kò sì ń já geere, lè ní jẹjẹrẹ próstéètì tó ti ràn dé eegun. Bí ó bá sọ pé ọjọ́ orí ni, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má gbà. Ibà tó ń mú ni ní ìrọ̀lẹ́, òógùn lóru àti kókó tó yọ sókè lójú ọ̀pá ẹ̀yìn lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun, èyí tí oníṣègùn Percivall Pott ti kọ nípa rẹ̀ ní 1779, tó sì ní oògùn tó ń wò ó sàn lónìí. Akọ̀pẹ tó já bọ́ lórí igi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Èyí tí kò ní sùúrù rárá ni ti ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ sé lójijì tàbí tó ń dà láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú, tí kò sì mọ̀ mọ́ bí ọwọ́ bá kan àárín itan àti ihò ìdí rẹ̀. Gbogbo iṣan ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni nǹkan ti tẹ̀ pa pọ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ilé afọwọ́ra. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 48 tó pé ń rí ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ wọn gbà padà ju àwọn tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn náà lọ.